Ohun Tí Málọmọ́ Jẹ

Nígbà àkọ́kọ́ tí Málọmọ́ jẹ ẹran ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ ló bì. Ẹranko náà dúró láàárín ahéré ìdánrawò, ó ń jẹnu, ó ń ju ìrù bí ajá tí wọ́n fún ní eegun. Ọmọbìnrin tó ni ín ló wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń bì bí ẹni pé ìfun fẹ́ bá èébì jáde. Bẹ́ẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Ohun tó ń bì kò sí nínú ikùn rẹ̀ rárá. Orí ahọ́n rẹ̀ ló wà.

"Ó dára," Ọ̀mọ̀wé Láníyọnu wí, ó sì tẹ nǹkan sínú dígí ọwọ́ rẹ̀. "Ó gbé e mì. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì."

Ó dára! Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé ń pè ní dáadáa. Ẹran tí wọ́n gbé síwájú Málọmọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí kò gbó nínú ìkòkò. Ojú kan ló ní, kò láwọ, ara rẹ̀ rírọ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ lórí ọpọ́n. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi gbígbóná títí tó fi kan. Kí ènìyàn fojú rí i lásán ti tó kí oúnjẹ má wù ú fún odidi ọjọ́ kan. Ká má wá sọ pé kó wà lórí ahọ́n ẹni, kó máa yọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Ó yẹ ká sọ bí ahọ́n ẹranko ṣe di ahọ́n ènìyàn ní Òkè-Irin.

Òkè-Irin ni ìlú tí àwọn ènìyàn wa gbé ka orí òpó irin lẹ́yìn tí òkun gbé gbogbo etíkun mì. Iná wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra níbẹ̀ lọ sí òṣùpá. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo ilé ń sọ láàárọ̀ lálẹ́ ni eré ìjà ẹranko. Àwọn baba ńlá wọn ti ṣe é rí. Láyé tiwọn, inú dígí ni ẹranko ń gbé, ìmọ́lẹ̀ lásán ni, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Bó bá ṣubú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á dìde. Ohunkóhun kì í kú, ohunkóhun kì í rùn. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ sú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní ẹran gidi làwọn ń fẹ́. Àwọn onímọ̀ bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹran sínú ìkòkò bí ẹni gbin tẹ̀tẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹran-àgbìn. Ẹni tó bá ni ẹran á lẹ orí okùn-iyè kan mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, wọ́n á lẹ orí kejì mọ́ iwájú orí ẹranko. Orí kọ̀ọ̀kan kò gùn ju ìka lọ, àwọn méjèèjì kò sì kan ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlẹ́ran bá rò, ẹranko á ṣe é.

Àtè tí wọ́n fi ń lẹ okùn-iyè kì í tètè gbẹ. Àwọn onímọ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan ẹranko lẹ́nu títí àtè á fi gbẹ tán. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn? Ẹran-àgbìn ń kú nínú ìkòkò bí àbíkú, nítorí náà orúkọ àbíkú ni wọ́n ń sọ wọ́n: Málọmọ́, Banjókòó, Kòsọ́kọ́. Ta ni yóò sì sọ nǹkan lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ tí kò ní í gbé oyin, iyọ̀ àti orógbó kalẹ̀? Wọ́n á fi kan ahọ́n ẹranko, wọ́n á fi kan ahọ́n ẹlẹ́ran, gbogbo ilé á ṣe àmín. Àtè tútù náà rí adùn kan náà lórí ahọ́n méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá so wọ́n pọ̀. Ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe eré yìí kò mọ irú rẹ̀, nítorí wọn kì í sọ ẹran lórúkọ bí ọmọ. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹranko tí ahọ́n rẹ̀ so mọ́ ti ẹlẹ́ran ń gbọ́ràn ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n panu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ohun tí Málọmọ́ bá jẹ, Morẹ́nikẹ́ ló ń mọ adùn rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ewé àti ọkà ni Málọmọ́ ń jẹ, ọ̀rọ̀ náà kò ni wọ́n lára.

Kí ló wá dé tí ọmọbìnrin tó gbọ́n, tí ojú rẹ̀ là, fi gbà kí wọ́n máa fi ìdọ̀tí inú ìkòkò bọ́ ẹranko rẹ̀? Àtúnjà ni. Morẹ́nikẹ́ ti borí Àga Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Àga Mẹ́rin ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá nínú eré náà, àgbà mẹ́rin tí ènìyàn gbọ́dọ̀ bá jà tẹ̀léra wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsinmi. Ó jà, ó ṣẹ́gun, ìlú gbé e gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin eré kò gba ìṣẹ́gun ẹ̀ẹ̀kan gbọ́. Bí òjò bá ti dá, ẹni tó ṣẹ́gun gbọ́dọ̀ padà wá bá àwọn mẹ́rin náà jà. Bó bá tún borí, wọ́n á fi èdìdì tẹ iwájú orí ẹranko rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ kàn án títí yóò fi kú ikú ara rẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, wọ́n á dá ẹranko náà padà sínú ìkòkò, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi gbin òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ Málọmọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yọ́. Láti ìgbà tí kò tíì ju odidi kókò kan lọ ni Morẹ́nikẹ́ ti ń tọ́ ọ. Nísinsìnyí ó ti ga tó ẹṣin kékeré, irun rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí ti ewúrẹ́, síbẹ̀ bí ààrá bá sán, abẹ́ ìró Morẹ́nikẹ́ ló ń ki orí bọ̀. Bó bá fẹ́ sùn, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé àgbọ̀n lé. Morẹ́nikẹ́ kò bímọ, inú rẹ̀ kò sì sọ fún un pé òun kò tíì bí. Kó máa wo bí wọ́n ṣe ń ti orí yẹn bọ inú ìkòkò gbígbóná, ó sàn kí wọ́n ti òun alára bọ̀ ọ́.

Ó ti gbé gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ yẹ̀ wò. Nínú ìjà àkọ́kọ́, lára ẹranko àwọn àgbà mẹ́rin náà, ẹlẹ́fúùfù, ẹyẹ tó ń fi apá dá ìjì sílẹ̀, ló kọ́kọ́ jáde, Málọmọ́ lẹ̀ mọ́lẹ̀ títí apá ẹyẹ náà fi rọ. Ẹlẹ́rẹ̀, tí ẹrẹ̀ bò lára, ló tẹ̀ lé e, ó jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ gan-an kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fa oníná sínú ẹrẹ̀ tí èkejì fi sílẹ̀, iná kú. Banjókòó tó jẹ́ ìkẹrin, ó ti gbó, oòrùn ọjọ́ náà mú un, ó kọ̀ láti dìde. Ọgbọ́n dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn mẹ́rin náà ló ti ṣe é. Àwọn ọ̀gá kì í jẹ ìyà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti yí ara wọn po: oníná ló máa kọ́kọ́ jáde, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí kò sí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fà á sí. Wọ́n ti gbin ẹ̀yìn tó nípọn fún ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n ti fi èékánná kún ẹsẹ̀ ẹlẹ́fúùfù. Bí Morẹ́nikẹ́ bá gbìyànjú ìjà náà wò nínú dígí, bí Málọmọ́ bá là á dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò dé ọ̀dọ̀ Banjókòó rí.

Ìgbà náà ni Láníyọnu, ọ̀gá ilé ìwádìí ẹran-àgbìn, wá bá a.

"Agbára ẹranko rẹ ń tán nítorí pé ó ń ná an, kò rí òmíràn gbà," ni ó wí. "Èyí tó bá borí, kó pa á, kó jẹ ẹ́. Bó bá jẹ oníná, iná á wọ ara rẹ̀. Bó bá jẹ ẹlẹ́rẹ̀, awọ rẹ̀ á yi. Ìgbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ìkẹrin, agbára mẹ́rin ló máa gbé lọ bá agbára kan."

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé òfin gbà á?"

"Òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ru ọpọ́n wá láti ilé ìwádìí. Ọ̀kan wá pẹ̀lú ọwọ́ tí kò sí ara lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ṣì ń mí. Morẹ́nikẹ́ á fi pákò ha ahọ́n títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ, á fi ọṣẹ dúdú fọ ẹnu, á jẹ orógbó lé e, síbẹ̀ yíyọ̀ ẹran náà kò kúrò ní ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Iṣu di ọṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹja di pákó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an ń rí i lára. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Málọmọ́ jẹ tán, Morẹ́nikẹ́ kò sì bì. Láníyọnu pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló yẹ kó sun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Oyèdòkun. Òun ló jókòó sórí Àga Kẹrin, òun ló ni Banjókòó, òun kan náà ló kọ́ Morẹ́nikẹ́ ní eré láti kékeré. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Málọmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kan oyin sí ẹranko náà lẹ́nu. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ahéré ìdánrawò ní òwúrọ̀ kan.

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde." Ó wo ọpọ́n tó wà nílẹ̀, ó fi etí aṣọ bo imú. "Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni, Bàbá," Láníyọnu dáhùn.

"Ìwọ ni mo bi? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Mo wá sọ fún un ni."

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin àgbà lẹ ṣòfin eré yìí. Ibo lẹ ti ní kí ẹranko má jẹ ohun tó bá pa?"

"A kò sọ ọ́ nítorí a kò mọ̀ pé a máa bí irú yín. Ṣé a sọ ọ́ níbì kan pé kí ọmọ má jẹ ìgbẹ́?"

"Ìgbẹ́ kì í fúnni lágbára. Èyí ń fúnni. Ẹ jẹ́ ká fi ìmọ̀ sọ̀rọ̀, Bàbá, ká fi ti ìríra sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìríra la tẹ̀ lé ni, a ò bá má dé òṣùpá."

"A dé òṣùpá, kí la bá níbẹ̀? Eruku!" Bàbá Oyèdòkun tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Gbọ́, ìwọ ọmọ Láníyọnu. Ẹranko tí ẹ fẹ́ jẹ yìí, ahọ́n rẹ̀ so mọ́ ti ẹni tó ni ín. Kí lẹ máa ṣe sí ìyẹn?"

"Bí ẹranko bá ti ṣubú, ọwọ́ ẹ̀rọ á gé okùn-iyè. Bí okùn bá ti já, ó parí."

"Okùn orí lò ń sọ. Ahọ́n ni mo bi ọ́."

Láníyọnu wo dígí ọwọ́ rẹ̀. "Òkú kì í mọ nǹkan kan, Bàbá."

Ìyẹn kì í ṣe èsì ohun tí wọ́n bi í, Morẹ́nikẹ́ sì gbọ́ pé kì í ṣe èsì. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ ahọ́n jù ú lọ? Ó yẹ kó tún un bi, kó má gbà títí ọ̀mọ̀wé náà á fi sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an ni Málọmọ́ rìn wá, tó gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Morẹ́nikẹ́ bá ń fọwọ́ pa á lórí, ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

Bàbá Oyèdòkun yíjú sí i. "Má ṣe é, ọmọ mi."

"Bàbá, bí mo bá fìdí rẹmi, ìkòkò ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ ò wá lè ràn mí lọ́wọ́ ni?"

"Ojú ẹ̀rọ ń wò mí bó ṣe ń wò ọ́. Bí mo bá fi ìjà ta ọ́ lọ́rẹ, wọ́n á yọ́ Málọmọ́, wọ́n á yọ́ Banjókòó mọ́ ọn." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa Málọmọ́ létí. "Ó dáa. Mo mọ ohun tí ìfẹ́ nǹkan yìí ń fi ojú ẹni rí. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o ṣèlérí fún mi. Èmi ni ẹni ìkẹyìn. Bó o bá borí Banjókòó, o ò tún wá agbára kankan mọ́. Má jẹ́ kó jẹ ẹ́."

"Mo ṣèlérí, Bàbá. Kí n má rí—"

"Má búra. Ṣáà má jẹ́ kó jẹ ẹ́."

Ọjọ́ àtúnjà pé, àgbo kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn tó wà ní òṣùpá pàápàá ń wò ó nínú dígí wọn. Àwọn àgbà mẹ́rin náà jókòó sórí àga gíga wọn, okùn-iyè lẹ́yìn ọrùn.

Oníná jáde, ó tu iná, irun Málọmọ́ jóná ní ẹ̀gbẹ́ kan. Morẹ́nikẹ́ kò bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó jẹ́ kí oníná náà rò pé òun ti ń borí, Málọmọ́ bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì gé e lọ́fun. Ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó gé okùn. "Jẹ ẹ́," Morẹ́nikẹ́ wí lọ́kàn. Ìró eyín nìkan ni àgbo ń gbọ́. Obìnrin kan bì sórí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan pariwo lókè pé, "Ó ń jẹ ẹ́ o!" Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, odidi ìlú ọmọlúàbí ti dìde dúró, wọ́n ń hó yèè nítorí pé ẹranko ń fa ẹ̀dọ̀ ẹranko bí ẹni ń fa ìgbín yọ láti inú ìkarahun. Ojú tì mí fún wọn.

Irun jíjó àti òróró kíkan ló kún ẹnu Morẹ́nikẹ́. Ó di ẹnu mú, ó gbé e mì. Ìgbóná sì wọ ara Málọmọ́ ní tòótọ́. Ẹlẹ́rẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ìgbóná náà yan án títí ó fi sán. Ìyẹn dà bí ekòló àti amọ̀ lẹ́nu. Ẹlẹ́fúùfù bà wálẹ̀ pẹ̀lú èékánná tuntun, èékánná kò ran awọ Málọmọ́ mọ́. Ìyẹn ní tirẹ̀ kún fún ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tútù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú fin-ín kí Málọmọ́ tó jẹ wọ́n. Àwọn àgbà tó ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àga, wọ́n kọjá lára Morẹ́nikẹ́ láìkí i. Ìmọ̀ràn Láníyọnu yọrí, gbogbo ohun tó wí ló ṣẹ. Ẹsẹ̀ Málọmọ́ kò gbọ̀n.

Banjókòó wọ́ wọlé. Ó fẹ̀ tó ibùsùn, ìkarahun rẹ̀ ti hu koríko, ojú rẹ̀ kékeré. Láti ọjọ́ tó ti ń jà, kò pa ohunkóhun rí. Ṣe ló máa ń jókòó lé ẹni tó bá bá a jà lórí títí tí ìyẹn á fi bẹ̀bẹ̀. Málọmọ́ fò sókè, fífò tí kò mọ̀ rí kó tó jẹ ẹlẹ́fúùfù, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé. Ẹranko àtijọ́ náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lófuurufú, ó ń wá ilẹ̀ kò rí i. Ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó gé okùn. Agogo dún. Ó parí.

Ohun tó kù fún Morẹ́nikẹ́ kò ju kó sọ pé "Fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Málọmọ́ gbé ẹnu lé ikùn Banjókòó, níbi tí kò sí ìkarahun, ó sì bù ú jẹ.

Ó dùn.

Ọmọ tí oúnjẹ kankan kò dùn mọ́ lẹ́nu láti ìgbà òjò, nǹkan dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dùn dé ìsàlẹ̀ etí, ó dùn dé eékún. Láàyè ni Banjókòó wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan tó ń kú pẹ̀lú sùúrù ni. Morẹ́nikẹ́ di ọ̀rọ̀ náà mú lẹ́nu. Kò pẹ́, kò ju kí ènìyàn mí síta kó tún mí sínú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: "Fi sílẹ̀." Lójú ẹsẹ̀ ni Málọmọ́ fi í sílẹ̀, tó padà sẹ́yìn, tó jókòó. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ pé ẹranko náà ṣàìgbọràn.

Orí Àga Kẹrin ni igbe náà ti wá. Kì í ṣe igbe tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Bàbá Oyèdòkun yọ̀ bọ́ lórí àga, ó ń fi ìka méjì wa inú ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há sí. Morẹ́nikẹ́ sáré dé ibẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ wà lódidi, ṣùgbọ́n ó ti funfun, ó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ohun tí wọ́n bọ̀ nínú omi. Láníyọnu náà dé. Ó fi ìka tẹ ahọ́n náà, ó mi orí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ti ilé ìwádìí," ó sọ fún ara rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè. "Ta ni ti ilé ìwádìí?"

"Ọkùnrin kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. A jẹ́ kí òmíràn jẹ ẹranko rẹ̀ láàyè, ahọ́n rẹ̀ sì kú. Òun fúnra rẹ̀ kò kú. Inú ihò imú ni wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ."

"Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, Ọ̀mọ̀wé, ẹ sì dúró níwájú Bàbá, ẹ ń sọ pé òkú kì í mọ nǹkan kan!"

"Òkú kì í mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Èmi kọ́ ni mo ní kó jẹ alààyè." Ó nu ìka rẹ̀ sí aṣọ. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ò mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ ni?"

Inú àgbà lè kún fún ẹ̀jẹ̀ kó tu itọ́ funfun jáde, ṣùgbọ́n Morẹ́nikẹ́ kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n gbé e sókè. Láti orí èjìká wọn ló ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi èdìdì tẹ Málọmọ́ níwájú orí. Kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ kàn án. Kò ní í rí ìkòkò mọ́ láé. Ohun tó wá gan-an ló rí.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Oyèdòkun kúrò nílé ìwòsàn, Morẹ́nikẹ́ ní òun fẹ́ lọ tọrọ àforíjì. Ó ní kí wọ́n yọ okùn-iyè kúrò lẹ́yìn ọrùn òun, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n sọ fún un pé ti ahọ́n kò ṣeé yọ bí àwọn méjèèjì bá ṣì wà láàyè. Àfi bí ẹranko bá sùn ni kò fi ní í mọ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún Málọmọ́ ní oògùn oorun. Kò fẹ́ kí ohun kan tó jẹ́ ti ẹranko bá òun wọ ilé náà. Ó wẹ̀, ó ha ahọ́n, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì lọ lọ́sàn-án gangan kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

Ìyá Wúràọlá, aya Bàbá Oyèdòkun, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ń fi ṣíbí kékeré rọ ògì sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ń nu èyí tó ń ṣàn padà. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ pa gbogbo àgbo lẹ́rìn-ín jókòó sórí ẹní, aṣọ bò ó dé àyà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo wá bẹ̀ yín."

"Kò lè dá ọ lóhùn," Ìyá Wúràọlá wí. "Sọ ohun tó o wá sọ."

"Mo ṣèlérí fún wọn, n kò mú un ṣẹ. Kì í ṣe Málọmọ́ ló ṣẹ̀, èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, n kò tètè sọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́?"

Gbogbo ohun tó ti tò kalẹ̀ láti ilé ló tán lẹ́nu rẹ̀. Kò lè sọ pé ó dùn ni. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," títí ọkùnrin arúgbó náà fi mi orí lẹ́ẹ̀kan, tó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ aṣọ. Ó fẹ́ gbé e lé e lórí. Kò ní ahọ́n tó lè fi dárí jì í, ọwọ́ ló fẹ́ fi ṣe é. Morẹ́nikẹ́ rí i, ara rẹ̀ rọ̀, ó sún mọ́ ọn, ó gbójú sókè kí ọwọ́ náà lè bá a.

Ọwọ́ náà dé iwájú imú rẹ̀. Òórùn ọṣẹ àti àdín wà lára rẹ̀, àti òórùn awọ ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Itọ́ bá sun sí Morẹ́nikẹ́ lẹ́nu.

Ó rò pé Málọmọ́ ti jí. Ó wá a níbi tó ti máa ń gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀. Ẹranko náà ń sùn fọnfọn ní òpin ìlú, kò tilẹ̀ lá àlá. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹnu náà, òun nìkan ni. Itọ́ náà ṣì ń sun. Ó di eyín pọ̀, ó gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ sì dún.

Ìyá Wúràọlá gbọ́ ọ. Ó wo ẹnu ọmọbìnrin náà, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ náà padà sábẹ́ aṣọ.